Bí A Ṣe Ń Wá Ipasẹ̀ Ènìyàn Àtijọ́ Nínú Ẹrẹ̀ Àbàtà

Ẹ̀bá ọ̀dàn, wọ́n ní ibẹ̀ ni orúkọ Ìbàdàn ti wá. Ẹni tó kọ́kọ́ pe ibẹ̀ bẹ́ẹ̀ wo apá kan, ó rí igbó. Ó wo apá kejì, ó rí koríko. Ohun tó máa ń jẹ mí lọ́kàn ni pé: ta ló sọ igbó di ọ̀dàn? Ṣé òjò ló ṣọ̀wọ́n ni, àbí àdá àti iná àwọn àgbẹ̀? Kò sí arọ́kìn tó lè dá wa lóhùn, ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ ju ìrántí arọ́kìn lọ. Ẹrẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ àbàtà ló wà níbẹ̀ nígbà tí gbogbo rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀, ó sì tọ́jú nǹkan díẹ̀ pa mọ́.

Mo fẹ́ ṣàlàyé bí ẹ ó ṣe gba ẹrẹ̀ yẹn, bí ẹ ó ṣe fọ̀ ọ́, àti bí ẹ ó ṣe kà á lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni mo ní lọ́kàn, ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀, tí iná mànàmáná ilé rẹ̀ kì í sì í dúró.

Kí ni a ń wá gan-an?

Ẹ ti rí i bí eruku pípọ́n rúsúrúsú ṣe máa ń bo ilẹ̀ lábẹ́ igi tó bá tanná. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó nìyẹn, òun là ń pè ní pollen. Ẹ gé mìlímítà 1 sí ọ̀nà 1,000, ìdá kan nínú rẹ̀ ni máíkírómítà. Pollen tó pọ̀ jù wà láàárín máíkírómítà 10 sí 100. Èèpo rẹ̀ le débi pé ásíìdì tó ń jẹ òkúta kì í rí i jẹ. Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ń gbẹ, tó tún ń tutù, tó tún ń gbẹ, pollen inú rẹ̀ á jẹrà. Ìdí nìyí tí ilẹ̀ pupa orí òkè wa kì í fi í ní pollen tó ṣeé kà, tí a fi ń sáré lọ sínú àbàtà.

Phytolith yàtọ̀. Bí ewéko bá ń mu omi, ó ń mu silica, èròjà inú yanrìn, mọ́ ọn, silica yìí á sì le sínú ewé bí ìgbà tí a da sìmẹ́ńtì sínú búlọ́ọ̀kù. Ewé á jẹrà tán, òun á ṣẹ́ kù. Òun wà lára ohun tó ń ya yín lápá bí ẹ bá gba àárín ìrèké kọjá. Ilẹ̀ gbígbẹ kì í tètè pa á lára.

Ìkẹta ni èédú wíńníwínní tí iná oko àti iná ààrò fi sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn kékeré mìíràn wà tó wúlò: ẹyin aràn inú ènìyàn, tó ń sọ fún wa pé ibi ìyàgbẹ́ kò jìnnà, spore (irúgbìn wíńníwínní) àwọn olú tó ń hù lórí ìgbẹ́ màlúù àti ewúrẹ́, síta inú iṣu àti ẹ̀gẹ́. Ìpẹ́pẹ́ irin náà wà ńbẹ̀. Bí alágbẹ̀dẹ bá lu irin gbígbóná, ìpẹ́pẹ́ á máa fò, omi irin kéékèèké á sì máa di róbótó nínú afẹ́fẹ́. Ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì tí ẹ wé láílọ́ọ̀nù mọ́ fa orí erùpẹ̀ gbígbẹ, á gbé wọn jáde. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ wa fúnra rẹ̀ ní yanrìn dúdú tí mágínẹ́ẹ̀tì ń fà, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ wò ó lábẹ́ awò kí ẹ tó pariwo pé ẹ rí ilé alágbẹ̀dẹ.

Ẹ kọ́kọ́ yan ibi tó dára

Bí ẹ bá ṣì ibi yàn, kò sí ásíìdì tó lè tún un ṣe. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ gba ẹrẹ̀ nínú adágún Ẹlẹ́yẹlé ní Ìbàdàn láti wá ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ọdún 1942 ni wọ́n ṣe ìdídò Ẹlẹ́yẹlé. Ẹrẹ̀ tí adágún náà kó jọ kò lè dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni ilẹ̀ oko àti etí odò tí omi bò mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá ń wá ìtàn bí ìlú ṣe gbòòrò láti ìgbà ayé àwọn bàbá àgbà wa, ó dára. Bí ẹ bá ń wá ìgbà tí Ìbàdàn kò tí ì jẹ́ ibùdó ogun, ẹ kọjá.

Odò Ògùnpa tó gba àárín Ìbàdàn kọjá ńkọ́? Ẹ má dé ibẹ̀. Omíyalé oṣù Ógọ́ọ̀sì 1980 nìkan tó láti hú ẹrẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kúrò, kó sì da ti ibòmíràn lé e. Odò tó ń ṣàn kíkan kì í ṣe olùtọ́jú ìwé. Ẹrẹ̀ tó rọra sọ̀ lé ara rẹ̀ níbi tí omi kò ti ń sáré là ń wá, gẹ́gẹ́ bí ògì ṣe ń tòrò sí ìsàlẹ̀ ìkòkò.

Àbàtà kékeré tí omi kì í tán níbẹ̀ láti Oṣù Kìíní dé Oṣù Kejìlá ló dára jù. Bí àbàtà bá ṣe kéré tó ni ìròyìn rẹ̀ ṣe sún mọ́ ilé tó. Èyí tó bá fẹ̀ á máa sọ ti gbogbo agbègbè. Ohun tó ń bà á jẹ́ jù lọ́dọ̀ wa ni àkùrọ̀. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n: bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, àwọn àgbẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ sí etí omi, wọ́n á kọ ebè ẹ̀fọ́ àti àgbàdo ẹ̀ẹ̀rùn. Ọkọ́ tó ń da ilẹ̀ nù lọ́dọọdún ti po ìtàn pọ̀ mọ́ra.

Nígbà kan tí mo ń wá ibi tí mo máa gún lọ́nà Ìdó, bàbá àgbẹ̀ kan bi mí pé, “Ṣé ilẹ̀ lo fẹ́ rà ni?”

Mo ní, “Rárá o, Bàbá. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀ ni mo ń wá, ẹ jọ̀ọ́.”

Ó rẹ́rìn-ín títí. “Ẹrẹ̀! Ọmọ ìwé wá ń wá ẹrẹ̀!” Ṣùgbọ́n òun náà ló sọ fún mi pé ibi tí mo dúró sí, òun àti ẹ̀gbọ́n òun ti kọ ebè síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, pé kí n sọ̀ kalẹ̀ sí ibi tí igi ògùrọ̀ wà, ọkọ́ kò kan ibẹ̀ rí. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, ebè ẹ̀fọ́ tẹ̀té ni ǹ bá máa kà lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ onílẹ̀ kí ẹ tó bèèrè lọ́wọ́ máàpù. Ẹ tún gba àṣẹ baálẹ̀, bó bá sì jẹ́ ibi tí àwọn ará ìgbàanì gbé, tí àpáàdì wà nílẹ̀, ẹ kọ̀wé sí àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kí ẹ tó gbẹ́ ohunkóhun.

Gbígba ẹrẹ̀

Oṣù Kẹta ni mo fẹ́ràn. Omi ti fà tó kí ènìyàn lè wọlé, ọyẹ́ sì ti lọ. Eruku ọyẹ́ máa ń gbé pollen àti ìkarahun wíńníwínní ewé omi láti ìhà Chad wá bá wa. Ẹ kò fẹ́ kó bà lé ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ.

Bí ilé ìwádìí yín bá ní ẹ̀rọ ìgba-ẹrẹ̀ tó dà bí ìlàjì páìpù pẹ̀lú ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́, ẹ yá a, torí kì í tẹ ẹrẹ̀ pọ̀. Bí kò bá sí, ẹ lọ bá àwọn tó ń ta nǹkan pọ́lọ́mbà, ẹ ra páìpù PVC oní-íǹṣì mẹ́ta, kó gùn tó mítà 2. Ẹ fi fáìlì pọ́n ẹnu ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó mú. Ẹ gbé pákó lé orí rẹ̀, kí ẹ fi òòlù lù ú wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Kí ẹ tó fà á jáde, ẹ wọn ohun méjì: láti ẹnu páìpù dé orí ẹrẹ̀ lóde, àti láti ẹnu rẹ̀ dé orí ẹrẹ̀ nínú. Bí òde bá jẹ́ sẹ̀ntímítà 40, tí inú jẹ́ 60, a jẹ́ pé ẹrẹ̀ yín ti fún pọ̀ pẹ̀lú sẹ̀ntímítà 20. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé òun á rántí, kì í rántí. Lẹ́yìn náà ẹ bu omi kún orí páìpù, kí ẹ sì dé e pinpin. Bí afẹ́fẹ́ kò bá rí àyè wọlé lókè, ẹrẹ̀ kò ní yọ́ bọ́ nísàlẹ̀. Ẹ so okùn mọ́ ọn, kí ẹni méjì jọ fà á. Ẹ kọ ÒKÈ sí orí, kí ẹ fa ọfà sí i.

Títọ́jú rẹ̀ láìsí iná

Ẹrẹ̀ fẹ́ òkùnkùn àti òtútù bíi ìwọ̀n Celsius 4. Ẹ̀kọ́ yìí náà ná mi ní oṣù mẹ́ta. Mo tọ́jú ẹrẹ̀ mi sínú fìríìjì níbì kan, iná lọ fún ọjọ́ mọ́kànlá, kò sí epo nínú jẹnẹrétọ̀, kò sì sí ẹni tó pè mí. Ìgbà tí mo ṣí i, èébu funfun ti hù káàkiri ara rẹ̀. Carbon inú ewé àti èédú ni wọ́n fi ń wọn ọjọ́ orí ẹrẹ̀. Olú tó hù lónìí ń mú carbon òde òní wọ inú ẹrẹ̀ àtijọ́, ọjọ́ orí tí wọ́n bá sì bá yín wọ̀n jáde nínú rẹ̀ á máa parọ́ pé ọmọdé ni.

Láti ìgbà náà, kí ẹrẹ̀ tó dé inú fìríìjì ni mo ti ń mú ohun tí wọ́n máa fi wọn ọjọ́ orí rẹ̀ jáde. Ní ọjọ́ kejì tí mo bá délé, mo ń la páìpù ní gígùn méjì, mo ń ṣa èso, ewé àti èédú tí mo bá rí, mo ń sá wọn gbẹ nínú ààrò tí kò gbóná jù, mo ń fi fọ́ìlì wé wọn. Kò sí òwú, kò sí bébà tíṣù. Carbon ni àwọn náà.

Nígbà tí ẹ bá la páìpù, ẹ fi ọ̀bẹ ha ojú ẹrẹ̀ ní ìbú, ẹ má ha á láti òkè dé ìsàlẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹ ó máa fa ti òde òní lọ bá ti àtijọ́. Ẹ kọ àwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Fún gbígba ìwọ̀n, ẹ gé imú síríńjì mìlílítà 2, kí ẹ máa fi gún ẹrẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 5 síra. Á máa bá yín gbé mìlílítà 1 gééré nígbà gbogbo.

Ọ̀rọ̀ àmàlà

Ìbàdàn ni a wà, èlùbọ́ wà lára aṣọ gbogbo wa. Bí ẹ bá ń wá síta iṣu tàbí ẹ̀gẹ́ nínú ẹrẹ̀, ẹ má wọ aṣọ tí ẹ wọ̀ lọ sí ibi àmàlà wọ ilé ìwádìí. Gàrí tí ẹ rẹ nínú kọ́ọ̀bù lórí tábìlì náà, ẹ gbé e kúrò. Àwọn ìbọ̀wọ́ kan tún wà tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú síta àgbàdo sí nínú kó lè rọrùn láti wọ̀: èyí tí kò ní lẹ́búlẹ́bú ni kí ẹ rà. Ẹ máa fi abọ́ omi òfìfo kan bá tiyín rìn nínú gbogbo ìgbésẹ̀, láìfi ẹrẹ̀ sí i rárá. Bí síta bá jáde nínú abọ́ òfìfo, ẹ mọ ibi tó ti wá.

Fífọ̀

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èédú, òun ló rọrùn jù. Ẹ rẹ ẹrẹ̀ mìlílítà 1 sínú omi tí ẹ po Calgon (iyọ̀ tó ń tú amọ̀ ká) mọ́ di ọjọ́ kejì, kí ẹ dà á sórí asẹ́ tí ojú rẹ̀ jẹ́ máíkírómítà 125, kí omi rọra ṣàn lé e. Ohun tó bá ṣẹ́ kù, ẹ kà á. Èédú dúdú, ó ń dán, igun rẹ̀ mú. Bí ẹ bá fi abẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́, á fọ́ yángá. Apá kòkòrò kì í fọ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tó tóbi ju 125 lọ sábà máa ń wá láti iná tí kò jìnnà. Wíńníwínní lè ti ọ̀nà jíjìn fò wá.

Fífọ phytolith kò le púpọ̀. Ẹ fi hydrochloric acid oní-10% sí ẹrẹ̀ gíráàmù 5 títí kò fi ní hó mọ́, kí ẹ fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni amọ̀. Ẹ da ẹrẹ̀ pọ̀ mọ́ omi àti Calgon nínú bíkà tó ga ní sẹ̀ntímítà 8, kí ẹ rò ó, kí ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ sì da omi orí rẹ̀ nù bí ẹni ń da omi orí ògì. Amọ̀ kéré, kò tí ì sọ̀ kalẹ̀ nígbà náà; phytolith ti wà nísàlẹ̀. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí omi fi máa mọ́ kedere. Ẹ sá ohun tó kù, kí ẹ sun ún ní ìwọ̀n Celsius 500 kí ewé àti gbòǹgbò jóná kúrò.

Ní ìkẹyìn, ẹ da omi tó wúwo ní ìlọ́po 2.3 ti omi lásán lé e. Sodium polytungstate ni a ń lò. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ lè sẹ́ ẹ kí ẹ tún lò ó. Yanrìn á rì. Phytolith á léfòó bí ẹ̀wà tí kòkòrò ti jẹ inú rẹ̀. Ẹ fi pìpẹ́ẹ̀tì fà á.

Pollen ni mo fẹ́ kìlọ̀ lé lórí. Ìlànà ilé ìwádìí àtijọ́ ni kí a fi hydrofluoric acid yọ́ yanrìn kúrò. Ásíìdì yìí ń jẹ gíláàsì. Ó ń wọ ara láìrora lákọ̀ọ́kọ́, á wá máa fa kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ àti egungun, ó sì lè dá ọkàn ènìyàn dúró. Bí ilé ìwádìí yín kò bá ní kọ́bọ́ọ̀dù tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde, tí ìpara calcium gluconate tí a fi ń tọ́jú ibi tó bá kàn kò sì sí lórí tábìlì, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹni yòówù kó ní kí ẹ ṣe é. Omi wíwúwo kan náà, tí ẹ bù omi sí títí yóò fi jẹ́ ìlọ́po 2.0, á gbé pollen léfòó fún yín. Ó lọ́ra díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ó padà sílé.

Kí ẹ tó fọ pollen rárá, ẹ ju hóró kan, bíi hóró oògùn, tí wọ́n ti ka iye spore Lycopodium (ewéko kan) inú rẹ̀ sínú ẹrẹ̀ náà. Lund ní Sweden ni wọ́n ti ń ṣe é. Bí hóró bá ní 20,000, tí ẹ ka pollen 300 àti Lycopodium 150, a jẹ́ pé pollen 40,000 ló wà nínú mìlílítà yẹn. Láìsí èyí, ìpín ọgọ́rùn-ún nìkan lẹ máa ní, ìyẹn sì ń tan ni: bí koríko bá pọ̀ sí i, igi á dà bí ẹni pé ó dín kù, nígbà tí ẹyọ igi kan kò sì ṣubú.

Kíkà

Ẹ fi gilísírìnì gbé e sórí gíláàsì, kí ẹ wò ó ní ìlọ́po 400. Ẹ ka pollen tó 300 ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Oṣù mélòó kan nìyẹn, ẹ má tan ara yín.

Pollen ọ̀pẹ ní ojú ihò tó ya sí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ti àgbàdo tóbi, ó rí róbótó, ihò kan ṣoṣo pẹ̀lú òrùka ló ní, ó sì sábà máa ń ju máíkírómítà 80 lọ. Phytolith àwọn koríko kan rí bí dùndún gan-an, orí méjì, ìdí tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín. Àwọn mìíràn rí bí gàárì ẹṣin. Ti ọ̀pẹ rí bí òòrẹ̀ tó ká jọ, ṣùgbọ́n ti ògùrọ̀ àti àgbọn jọ ọ́, nítorí náà ẹ kọ “ìdílé ọ̀pẹ” sílẹ̀, kí ẹ má kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ dà bí òkè kékeré tí orí rẹ̀ jìn kòtò. Iṣu, tí a fi ń ṣọdún, ló ń fara pamọ́ jù: pollen rẹ̀ ṣọ̀wọ́n nínú ilẹ̀, kò sì ní phytolith tí a lè fi dá a mọ̀. Bí ẹ kò bá rí iṣu, kò túmọ̀ sí pé wọn kò gbìn ín.

Àwòrán inú ìwé òyìnbó kò tó fi mọ igi tiwa. Ní Jẹ́ríkò, Ìbàdàn, ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó ní àkójọ ewéko gbígbẹ tí a mọ̀ sí FHI. Yunifásítì Ìbàdàn náà ní tirẹ̀. Ẹ tọrọ òdòdó díẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ yà á ní fọ́tò. Ẹ tún gba ẹrẹ̀ òkè lábẹ́ kòkó, lábẹ́ ọ̀pẹ, nínú igbó ìjù, kí ẹ lè mọ bí ibi tí ojú yín rí ṣe máa ń rí lábẹ́ awò.

Ọjọ́ orí, àti ohun tí ẹ lè sọ

Ọ̀nà radiocarbon, ìyẹn wíwọn carbon-14 tó ṣẹ́ kù nínú ohun tó ti kú, ń dé nǹkan bí 50,000 ọdún sẹ́yìn; ìlàjì carbon-14 á ti lọ ní ọdún 5,730. Ó wọ́n, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ wa sì ń fi í ránṣẹ́ sí. Ẹ mú ó kéré tán mẹ́ta: ìsàlẹ̀, àárín, àti ibi tí ohun tí ẹ kà ti yí padà lójijì. Bí ẹ kò bá tíì rí owó, aago ọ̀fẹ́ kan wà nínú ẹrẹ̀ yín. Amẹ́ríkà ni àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti kòkó ti wá. Kò sí èyí tó lè dé ọ̀dọ̀ wa ṣáájú 1492. Bí ẹ bá rí pollen àgbàdo níbi tí radiocarbon ní ó jẹ́ ẹgbẹ̀rún ọdún, ẹ má kọ̀wé sí ilé ìròyìn. Ẹ wá ihò alákàn, ti ekòló, tàbí ti ikán, tó lè ti gbé e sọ̀ kalẹ̀.

Ní 1985, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébísí Sówùnmí ti Yunifásítì Ìbàdàn tẹ iṣẹ́ kan jáde nípa bí iṣẹ́ àgbẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nínú ẹrẹ̀ tí wọ́n gbà ní Niger Delta, pollen ọ̀pẹ pọ̀ sí i lójijì ní nǹkan bí 2,800 ọdún sẹ́yìn. Ọ̀pẹ kì í fẹ́ abẹ́ òjìji igi ńlá, oòrùn ló ń wá; nítorí náà ohun kan ti là á ní ojú ọ̀run. Sówùnmí ní ènìyàn ni. Àwọn mìíràn fèsì pé ọ̀dá tó mú igbó Àárín Gbùngbùn Áfíríkà láàárín 3,000 sí 2,500 ọdún sẹ́yìn náà lè ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Àríyànjiyàn náà ni ẹ ó bá pàdé nínú ẹrẹ̀ tiyín, ibẹ̀ ni èmi sì dúró sí: ọ̀pẹ nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Bí ọ̀pẹ bá gòkè, tí èédú ńlá bá gòkè pẹ̀lú rẹ̀ ní ìpele kan náà, tí èpò oko àti phytolith ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ẹyin aràn ènìyàn tún wà níbẹ̀, mo ti gbà pé ọwọ́ ènìyàn ni. Bí ọ̀pẹ bá gòkè láìsí èédú, tí àwọn igi àbàtà bá ń kú, tí ewé omi bá ń dín kù, ọ̀dá ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí ẹ̀rí bá tako ara wọn, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní ìpele kan, sẹ̀ntímítà 115, tí mo ti kà lẹ́ẹ̀mẹ́rin, tí mi ò tíì lè sọ ọ̀kan.

Ìlàjì páìpù tó ṣẹ́ kù, ẹ má lò ó tán. Ẹ fi láílọ́ọ̀nù wé e lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fi fọ́ìlì wé e lórí rẹ̀. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ orúkọ ibi, ọjọ́ àti jíjìn rẹ̀ sórí bébà, kí ẹ fi sáàárín láílọ́ọ̀nù méjèèjì. Bírò máa ń ṣí kúrò bí omi bá kàn án.